Ìlù Inú Àyà Ènìyàn

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ wa nípa ara ènìyàn ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìlera, kò sí èyí tí ó fà mí mọ́ra bí lílù tí ọkàn ń lù. Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé ilé kan náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí bóyá ni ó ku ẹnìkan nínú yín tí èmi kò tíì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú rí, tí mo ń wo aago, tí ètè mi sì ń mì bí ti ẹni tí ń ka owó ọjà. Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí sá fún mi bí a bá ti jẹun alẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ wí pé iṣẹ́ dókítà ni ó yẹ mí, pé mo ṣìnà wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dá ẹjọ́ náà, nítorí mo gbàgbọ́ pé ọ̀ràn ọkàn kan olùkọ́ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó. Ọkàn àgbàlagbà kò tóbi ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù láti ìgbà 60 títí dé ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 70 ṣe ìṣirò, èyí jẹ́ 4,200 ní wákàtí kan, àti 100,800 láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ọjọ́ ìsinmi nínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó bí lítà 5 ni ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí í ṣe bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wa. Ti ọmọ tuntun yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń kọjá 120. Ti erin sì lọ́ra, bí 30 ni. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ẹ̀rọ mọ́ ara àbùùbùtán ńlá kan nínú òkun kéde pé, nígbà tí ẹran náà rì lọ sí ìsàlẹ̀ omi láti wá oúnjẹ, ìgbà mìíràn wà tí ọkàn rẹ̀ lù lẹ́ẹ̀méjì péré nínú ìṣẹ́jú kan.

Irú ìṣirò yìí ni ó tú àṣírí ẹ̀jẹ̀. Títí di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣègùn Yúróòpù gbàgbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀, àti pé ara ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà tán bí fìtílà ti ń jẹ epo. William Harvey, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó, ó ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìlù kan, ó fi iye ìlù sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí i pé kò sí ẹni tí ó lè jẹ oúnjẹ tí yóò tó láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1628. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ráhùn láàrin wa pé ìṣirò kò wúlò.

Àwọn baba wa kò kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ìlù náà gbé wà. Ẹni tí ẹ̀rù bà a ní àyà òun já, tàbí àyà òun fò. Ẹni tí ó sáré dé ní àyà òun ń lù kì-kì-kì. Akọni ni ẹni tí ó láyà. Ẹ má ṣe gbàgbé àyà tí ó fò yìí, nítorí a óò tún padà bá a níwájú, a óò sì rí i pé kì í ṣe àsọdùn.

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ti òkè ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé; àwọn ti ìsàlẹ̀, tí ògiri wọn nípọn, ń tì í jáde: ti ọ̀tún sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba atẹ́gùn tuntun, ti òsì sí gbogbo ara. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí sí, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọjá má baà padà. Ìró tí à ń gbọ́, ìró àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni, nígbà tí wọ́n bá ń tì. Gbì ni èkíní, nígbà tí ilẹ̀kùn méjèèjì tí ó wà láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ bá tì. Tọ̀ ni èkejì, tí ó ṣe ṣókí ju ti ìṣáájú, nígbà tí ilẹ̀kùn méjèèjì ọ̀nà àbájáde bá tì. Gbì-tọ̀, a sinmi díẹ̀. Gbì-tọ̀, a tún sinmi.

Ní 1816, ní ilé ìwòsàn Necker ní ìlú Paris, dókítà René Laennec fẹ́ gbọ́ ọkàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó sanra. Ojú tì í láti gbé etí lé àyà obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ti ń ṣe nígbà náà. Ó rántí pé bí a bá fi abẹ́rẹ́ ha ìpẹ̀kun igi kan, ẹni tí ó gbé etí lé ìpẹ̀kun kejì a gbọ́ ọ kedere. Ó ká ìwé pọ̀ bí fèrè, ó gbé ẹnu kan lé àyà aláìsàn náà, ó gbé ẹnu kejì sí etí ara rẹ̀, ó sì gbọ́ ọkàn náà kedere ju bí ì bá ti gbọ́ ọ bí ó bá gbé etí lásán lé e. Láti ara ìwé kíká yìí ni ohun èlò tí àwọn dókítà ń gbé kọ́ ọrùn lónìí ti wá. Mo ti ká ìwé ìkọ̀wé mi bẹ́ẹ̀ wò, ó sì ṣiṣẹ́. Kí ẹ dán an wò ní ibi tí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ta ni ó wá ń pàṣẹ fún ọkàn pé kí ó lù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a dáhùn pé ọpọlọ ni. Ọpọlọ lè mú un yára, ó sì lè dá a lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ni ìlù náà. Àwọn tí wọ́n ti pa ìjàpá rí mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ a máa lù nínú àwo fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹran náà ti kú. Bí onímọ̀ bá tú ẹran ara ọkàn sí wẹ́wẹ́, títí ó fi ku àwọn ẹyọ tí ojú lásán kò lè rí, tí ó sì fi wọ́n sínú omi tí ó ní oúnjẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lù ní tiwọn, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyọ méjì bá fara kan ara wọn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí lù pọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀ láìlè ṣe ohunkóhun.

Ẹni tí ó rí orísun ìlù náà, akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni. Martin Flack ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́ ní 1906, ó sì wà lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Arthur Keith, ní ìgbèríko Kent ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkàn ẹranko kékeré kan tí ń gbé inú ihò ilẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò lábẹ́ awò amóhun-kékeré-tóbi. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ fi gun kẹ̀kẹ́ dé láti ìgbafẹ́, Flack ti rí ohun àjèjì kan ní òkè yàrá apá ọ̀tún, níbi tí òpójẹ̀ ńlá gbé wọlé. Àwọn méjèèjì kéde rẹ̀ ní 1907. Ibi kékeré yìí ni ìyáàlù inú àyà wa. Agbára mànàmáná kékeré ni ohùn rẹ̀. Bí ó bá ti dún, ohùn náà a tàn ká yàrá òkè méjèèjì, wọn a sì fún ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. Ó tún kan ibi kejì, tí Sunao Tawara ará Japan rí ní 1906 nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì. Ibi kejì yìí a dá ohùn náà dúró fún bí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, kí yàrá òkè lè parí iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà a jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ kíyè sí ìdádúró kékeré yẹn. Bí kò bá sí i, òkè àti ìsàlẹ̀ yóò máa fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọ̀kan yóò sì máa ba ti èkejì jẹ́.

Augustus Waller ni ó kọ́kọ́ fi hàn, ní ìlú London ní 1887, pé a lè gba mànàmáná ọkàn ènìyàn láti òde ara. A máa mú ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Jimmie wá síwájú àwọn ènìyàn, kí ó ti ẹsẹ̀ bọ inú omi iyọ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Lẹ́yìn èyí ni Willem Einthoven ará Holland ṣe ẹ̀rọ tí ó lè fi ìlù náà ya ìlà tí ó yanjú. Aláìsàn a ti ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi iyọ̀, ìlà náà a sì máa lọ sókè sódò bí òkè àti àfonífojì. A fún Einthoven ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Lónìí ẹ̀rọ náà ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Bí ìyáàlù bá dákẹ́, ibi kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan a gba ìlù náà, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 40 sí 60 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí òun pẹ̀lú bá kọṣẹ́, ògiri yàrá ìsàlẹ̀ a máa lù fúnra rẹ̀ ní 20 sí 40, èyí tí ó mú kí òòyì kọ́ni, tí ó sì lè dá ènìyàn ṣubú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ilẹ̀ Sweden, a fi ẹ̀rọ alùlù kékeré kan sínú ara ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arne Larsson, ẹni tí irú àìsàn yìí ń dá ṣubú lójoojúmọ́. Rune Elmqvist ni ó ṣe ẹ̀rọ náà, Åke Senning sì ni ó fi í sínú ara rẹ̀. Kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún fi òmíràn rọ́pò ìyẹn, títí Larsson fi pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó fi í sí i lára lọ. Ó kú ní 2001 ní ẹni ọdún 86, àìsàn mìíràn ni ó sì pa á.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé dùn mọ́ mi jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn tí ó dá ṣáṣá a máa lù bí aago ara ògiri, láìyẹ̀, láìyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ sì fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò. Kí ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ wá ìlù náà, nítorí òun pẹ̀lú ní ìlù tirẹ̀, ẹ óò sì ka ti ara yín mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń gbóòórùn ọbẹ̀: ìlù náà a yára. Ẹ tú èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀: ìlù náà a fà sẹ́yìn. Nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí hàn jù. Bí a bá ti ń dàgbà ni ó ń dín kù. Mo ti kà á lára ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ì bá gbé e digbà-digbà lọ sí ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ara rẹ̀ le koko, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àìdọ́gba yìí, àmì ìlera ni.

Èkejì ni àyà tí ó fò. Nígbà mìíràn ibòmíràn nínú ọkàn, tí kì í ṣe ìyáàlù, a já lu ìlù kan kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Nítorí pé yàrá kò tíì kún, ìlù náà a kéré, ọwọ́ lè má tilẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkàn a sinmi pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀jẹ̀ a sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìlù tí ó tẹ̀ lé e bá dé, a wá pẹ̀lú agbára, gbì, bí ẹni pé ohun kan já lulẹ̀ nínú àyà. Ẹ rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wí pé àyà mi já, ohun tí ó ṣe wọ́n gan-an ni wọ́n sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí èyí kì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àìsùn, àníyàn, àti kọfí àmujù ní àkókò ìdánwò a máa mú un pọ̀ sí i fún àwọn kan. Bí ọkàn fúnra rẹ̀ kò bá ní àrùn, kì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá léraléra, tàbí tí òòyì bá bá a wá, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, kí Ọlọ́run má ṣe ka fífẹ́ràn àìsàn sí mi lọ́rùn. Karel Wenckebach, ará Holland, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1899, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ Einthoven. Láti ara ìlù iṣan nìkan ni ó ti fi làákàyè tú u. Ó rí ọkàn tí ìlù kan ń sọnù nínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: mẹ́ta a lù, ọ̀kan a sọnù, mẹ́ta a tún lù, ọ̀kan a tún sọnù. Ẹ ronú ọmọdé tí ń bá baba rẹ̀ rìn lọ sí oko. Baba ń rìn ní ìwọ̀n kan náà. Ọmọ a kọ́kọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ó ti kù sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, ìṣísẹ̀ méjì. Nígbẹ̀yìn ó dúró pátápátá, ó mí, ó sáré bá baba rẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Baba ni ìyáàlù òkè. Ọmọ ni yàrá ìsàlẹ̀. Ibi ìdádúró tí mo ní kí ẹ kíyè sí ni ó ń rẹ̀, tí ó ń fa ohùn náà sẹ́yìn díẹ̀ sí i ní ìlù kọ̀ọ̀kan, títí ìlù kan kò fi ní lè kọjá mọ́. A máa ń rí i lára àwọn eléré ìje tí ara wọn le nígbà tí wọ́n bá sùn, kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àìdọ́gba ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Ẹni tí ó bá kà á pẹ́ lè sọ ìgbà tí ìlù yóò sọnù kí ó tó sọnù.

Èyí tí kò ní òfin rárá ni ti ìyá tí ó bí ìyá mi. Nígbà ìsinmi kan, mo gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà náà, mo sì ń wá ìwọ̀n ìlù rẹ̀, n kò rí i. Méjì a sáré tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan a falẹ̀, mẹ́ta a kọjá bí eku, a dákẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo kà á fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta láìrí ẹsẹ kan tí ó tún ara rẹ̀ ṣe. Mo bi wọ́n pé báwo ni àyà wọn ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí adìẹ tí a dì ní ẹsẹ̀, tí ó ń jà nínú agbọ̀n.” Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú mi yí padà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní onílù inú àwọn ti mu ẹmu yó ni.

Ní òkè ọkàn wọn, ìyáàlù kò ní àṣẹ mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi nínú ògiri yàrá òkè ni ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ju ìgbà 350 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tó bẹ́ẹ̀ tí yàrá náà kò lè fún ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó kàn ń gbọ̀n ni. Ibi ìdádúró, tí kò lè gba gbogbo rẹ̀, a jẹ́ kí èyí tí ó bá bọ́ sí i kọjá. Ní 1909 ni Thomas Lewis ní London, àti àwọn onímọ̀ méjì kan ní Vienna, fi hàn pé gbígbọ̀n yìí ni ó wà ní ìdí ìlù rúdurùdu tí àwọn dókítà ti ń bá pàdé láti ayébáyé. Ewu rẹ̀ kò sí nínú àìdọ́gba náà gan-an. Nínú yàrá tí ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ a dúró bí omi adágún, a sì lè dì. Bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì bá bọ́, tí ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn tí ọkàn wọn ń lù báyìí wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ ní ìlọ́po bí márùn-ún ju ti àwọn mìíràn lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń fa ìlù náà. Ó ru fún ìyá àgbà, kò sì sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n fún wọn rí. Dókítà fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti èyí tí ń dẹ ìlù náà lọ́wọ́. Rúdurùdu náà wà síbẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sáré mọ́. Wọ́n sì tún ń lọ sí ọjà.

Bí yàrá ìsàlẹ̀ ni ó bá ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ìlù ti tán nìyẹn. Ènìyàn a ṣubú lójijì, kì í mí bí ó ti yẹ mọ́. Kí ẹni tí ó bá wà nítòsí ké sí olùrànlọ́wọ́, kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àgbàlagbà bá ni, kí ó wọlé tó sẹ̀ntímítà 5, kí ó má sì ju 6 lọ. Kí ó má ṣe dúró títí ẹ̀rọ tí ń fi mànàmáná tún ọkàn ṣe yóò fi dé.

Mo ní ọ̀ràn yìí kan olùkọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a rán mi lọ láti kọ́ bí a ti ń kọ́ni, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan wà tí ìwé kíkọ rẹ̀ dára ju ti gbogbo kíláàsì lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìwé náà wọ́, ó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ, ó ń jáde kúrò lórí ìlà. Ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ a ṣàdédé fún pọ̀, èjìká rẹ̀ a ta. Olùkọ́ kíláàsì náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì nà án, ó tún nà án ní ọjọ́ kejì. Mo jókòó tì í ní àkókò ìsinmi, mo sì ka ìlù rẹ̀: 124, nígbà tí ó ti jókòó pẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ọ̀fun ti dun ọmọ náà, ibà mú un, ó sì lọ fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Kòkòrò àrùn kan wà tí a máa dá ọgbẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọdé. Nínú àwọn díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ọ̀fun ti jinná, àwọn ọmọ ogun ara tí ó bá kòkòrò náà jà a ṣi ọkàn mú fún ọ̀tá, wọn a sì bá àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ jà. Láti ọmọ ọdún 5 dé 15 ni ó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn àwọn ọmọ tí a óò fi lé wa lọ́wọ́ gan-an. Oríkèé a máa wú, ìrora a máa ti orúnkún bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀; nílé, a ní làkúrègbé ni, a fi òróró pa á. Nígbà mìíràn, bí ti ọmọ yìí, ọpọlọ ni ó kàn, ọwọ́ àti ojú a sì máa ta fúnra wọn. Èyí lè pẹ́ tó oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun dídùn kí ó tó hàn. Ìwé kíkọ tí ó bàjẹ́ lójijì wà nínú àmì rẹ̀. Títa náà a máa lọ. Ilẹ̀kùn tí ó ti bàjẹ́ ni kì í sábà padà sí bí ó ti wà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, tí àrùn náà sì ń padà wá, ilẹ̀kùn a máa le sí i lọ́dọọdún, yàrá òkè a fẹ̀ bí àpò tí a kún jù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ìlù rúdurùdu tí mo bá lọ́rùn ọwọ́ ìyá àgbà a wá dé sára ẹni tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Lára obìnrin mìíràn, ìgbà oyún ni ó kọ́kọ́ ń fara hàn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ní láti gbé bá pọ̀ sí i. Ju 40 mílíọ̀nù ènìyàn lọ ní gbogbo ayé ni ó ní àrùn ilẹ̀kùn ọkàn yìí; ní 2018, àpérò àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìlera ní Geneva fi ẹnu kò pé kí olúkúlùkù ìjọba gbógun tì í. Pẹnisílínì tí a bá fún ọmọ ní àkókò ọ̀fun dídùn lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, oògùn náà kò sì wọ́n.

Mo bá ìyá ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi sùúrù gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì yọ ohun èlò náà kúrò ní etí ara rẹ̀, ó fi í sí tèmi. Gbì, ṣùgbọ́n kí tọ̀ tó dé, ohun kan ń mí láàrin wọn, fúù, bí atẹ́gùn tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìró kan nínú àyà ènìyàn tí n kò fẹ́ gbọ́.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ni wọn yóò máa gún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àrùn náà má baà padà wá. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà fi yíǹkì pupa sàmì sí gbogbo Ọjọ́bọ̀ náà nínú ìwé orúkọ títí di òpin ọdún, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ ọ́ sí ẹni tí ó sá ní ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó nà án ni ó sì ń rán an létí bí ọjọ́ náà bá ku ọ̀la. Kí n tó kúrò níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jókòó lórí ìlà. Mo ka ìlù rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó jẹ́ 88, ó sì ń yára díẹ̀ bí ó ti ń fa èémí wọlé.